Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù: Bí Àkókò Ìrìn-àjò Ṣe Dínkù Lórí Ọ̀nà Tí Kò Dínkù

Ìfáárà

Bí ènìyàn bá béèrè bí Èkó ti jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù tó, ìdáhùn méjì ni yóò gbọ́. Àwọn kan yóò sọ pé nǹkan bí 5,000 kìlómítà ni. Àwọn mìíràn, tí wọ́n pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ, yóò sọ pé ìrìn wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni. Ìdáhùn méjèèjì ló tọ̀nà, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun kan náà. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀, kò sì tíì yí padà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ti ìkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn: irú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀, ibi tí ọkọ̀ náà yà sí, ẹni tí ó ni ọkọ̀, àti ẹni tí ó ni àṣẹ lórí ibi tí ọkọ̀ náà ń gbà kọjá. Nítorí náà, ìkejì nìkan ni ó ní ìtàn. Ìtàn ọ̀hún ni bébà yìí dá lé lórí.

Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé ẹ̀rọ ni ó fa Lọ́ńdọ̀nù súnmọ́ Èkó. Òtítọ́ wà nínú èrò yìí, ṣùgbọ́n kò pé tó. Ohun tí bébà yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ní gbogbo ìgbà tí àkókò ìrìn-àjò láàrin ìlú méjèèjì ti yí padà, yálà ó dínkù ni tàbí ó pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ibi ìdúró àti ọ̀rọ̀ àṣẹ kò gbẹ́yìn nínú ohun tí ó fà á. Ẹ̀rọ lè sọ bí ọkọ̀ ṣe lè yá tó. Àwọn aláṣẹ ni ó ń sọ ọ̀nà tí yóò gbà.

Ìwọ̀n ọ̀nà náà

Kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí ìwọ̀n ọ̀nà náà kọ́kọ́ yé ni. Èkó wà ní nǹkan bí dìgírì 6½ sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Lọ́ńdọ̀nù wà ní nǹkan bí dìgírì 51½ sí àríwá ìlà kan náà. Bí a bá yọ èkínní kúrò nínú èkejì, dìgírì 45 ni yóò kù. Dìgírì 360 ni ó yí ayé po, ìdá kan nínú mẹ́jọ rẹ̀ sì ni 45. Níwọ̀n bí àyíká ayé ti jẹ́ nǹkan bí 40,000 kìlómítà, ìdá kan nínú mẹ́jọ rẹ̀ yóò jẹ́ 5,000 kìlómítà, èyí tí í ṣe nǹkan bí 3,100 máìlì. Bí a bá sì wo ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, pápákọ̀ òfuurufú Ìkejà fi díẹ̀ lé ní dìgírì 3 sí ìlà-oòrùn, nígbà tí ti Heathrow wà ní nǹkan bí ààbọ̀ dìgírì péré sí ìwọ̀-oòrùn. Èyí fi hàn pé ẹni tí ó ń lọ láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sí àríwá gan-an ni.

Ohun méjì pàtàkì ni ó ti ibẹ̀ jáde. Èkínní ni pé aago ìlú méjèèjì kò yàtọ̀ púpọ̀. Ní ìgbà òtútù Lọ́ńdọ̀nù, wákàtí kan ni Èkó fi ṣíwájú. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago méjèèjì dọ́gba. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye wákàtí tí òun lò lójú òfuurufú kò ní ìṣirò líle kankan láti ṣe. Èkejì, tí ó ṣe pàtàkì jù fún ìtàn yìí, ni ibi tí ìlà tààrà náà gbà kọjá: ilẹ̀ Benin, Niger, Mali àti Algeria, àárín aṣálẹ̀ Sàhárà, Òkun Mẹditaréníà, lẹ́yìn náà ilẹ̀ Sípéènì àti Faransé. Kò sí ọ̀kan nínú ilẹ̀ wọ̀nyí tí ó jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Nàìjíríà. Ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ láàrin ìlú méjèèjì jẹ́ ọ̀nà tí ó gba ilé onílé kọjá.

Ọ̀nà omi, 1852 sí 1974

Fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, òkun ni ọ̀nà. Ní ọdún 1852 ni African Steam Ship Company, tí Macgregor Laird dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ onínáá kó lẹ́tà ìjọba láti Ìlú Ọba wá sí etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn ọkọ̀ náà kì í wá tààrà. Wọ́n ń yà sí Madeira, sí Bathurst, sí Sàró, wọ́n sì ń lọ títí dé Fernando Po. Ibi tí ẹrù àti lẹ́tà bá wà ni wọ́n ń dúró sí. Lẹ́yìn ìgbà náà ni Elder Dempster gba òwò yìí mọ́ra, títí ó fi di pé orúkọ ilé iṣẹ́ náà àti ìrìn-àjò sí Ìlú Ọba fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun kan náà lẹ́nu àwọn ará Èkó.

Ohun àkíyèsí ni pé kì í ṣe bí òkun ṣe gbòòrò tó nìkan ni ó ń dá èrò dúró. Òkìtì yanrìn kan wà lábẹ́ omi ní ẹnu ọ̀sà Èkó tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Ọkọ̀ tí ó ti la agbami kọjá yóò dúró sí òde nígbà tí ilé Èkó ti ń hàn lókèèrè. Inú ọkọ̀ kékeré ni wọn yóò sọ èrò àti ẹrù kalẹ̀ sí. Nígbà mìíràn, Forcados ni wọn yóò ti já ẹrù Èkó, kí ọkọ̀ kékeré tó gbé e padà wá. Ìgbà tí ìjọba kọ́ ògiri òkúta wọ inú òkun láti darí ìṣàn omi ni ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ní ọdún 1914 ni ọkọ̀ ńlá tí ń kó lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí wọ èbúté náà. Ọkọ̀ kò yá sí i, òkun kò sì súnkì. Ibi ìdúró kan ni wọ́n mú kúrò lọ́nà.

Jíjìn ọ̀nà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò lásán fún àwọn ènìyàn wa. Ní ọdún 1864, Canterbury ni wọ́n ti fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ó di dandan kí ó gba orí òkun lọ. Ní ọdún 1920, Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, pẹ̀lú Herbert Macaulay, rìnrìn-àjò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nítorí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba ti gbà. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fún gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, ìyẹn Privy Council, kò kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìdájọ́ ìkẹyìn ni yóò wá a lọ. Olóyè Olúwa jàre ní ọdún 1921. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ara wa léèrè iye àwọn onílẹ̀ mìíràn tí wọn kò lówó ọkọ̀, tí wọn kò sì ní ẹni tí yóò bá wọn lọ. Fún irú wọn, òpin ẹjọ́ ni etí òkun.

Ní ọdún 1951, Elder Dempster gbé ọkọ̀ Aureol jáde. Ọjọ́ mẹ́tàlá ni ó máa ń gbà á láti Liverpool dé Èkó. Bí a bá ka ọ̀sán àti òru pọ̀, wákàtí 312 nìyẹn, ìlọ́po 48 iye wákàtí tí bàálù ń lò lónìí. Aureol ni ó kẹ́yìn nínú àwọn ọkọ̀ èrò Elder Dempster lójú ọ̀nà yìí. Ọdún 1974 ni ó ṣíwọ́.

Ọ̀nà àyíká lójú òfuurufú, 1936 sí 1945

Ní ọdún 1936 ni ilé iṣẹ́ Imperial Airways so Nàìjíríà mọ́ ọ̀nà òfuurufú rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún náà ni bàálù bẹ̀rẹ̀ sí wá láti Khartoum ní ilẹ̀ Sùdáánì sí Kánò. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹwàá, ó ti ń dé Èkó. Ẹni tí ó bá fi ọ̀nà yìí wé ìlà tààrà tí a ti ṣàlàyé lókè yóò ṣe kàyéfì. Láti Lọ́ńdọ̀nù, èrò yóò kọjá sí Íjíbítì, yóò tẹ̀lé odò Náílì lọ sí Khartoum, kí ó tó yí padà sí ìwọ̀-oòrùn, gba ilẹ̀ Ṣáàdì kọjá, wọ Màídúgùrì, dé Kánò, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí Èkó.

Bí a bá wọn ọ̀nà náà lórí àwòrán ayé, Lọ́ńdọ̀nù sí Khartoum nìkan jẹ́ nǹkan bí 4,900 kìlómítà. Èyí ni pé nígbà tí èrò bá dé Khartoum, ó ti rìn tó ọ̀nà tí ì bá gbé e dé Èkó tààrà. Síbẹ̀, ó ku nǹkan bí 3,300 kìlómítà sí i. Bàálù ayé ìgbà náà kò lè gbé epo púpọ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ máa bà léraléra. Ṣùgbọ́n ibo ni yóò bà sí? Ibi tí àṣẹ Gẹ̀ẹ́sì bá ti múlẹ̀ ni pápá, epo àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Sàhárà jẹ́ ti Faransé. Íjíbítì àti Sùdáánì ni ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀. Àyàfi ilẹ̀ Ṣáàdì, tí ó wà lábẹ́ Faransé, ìpínlẹ̀ tí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ni bàálù náà ń tẹ̀ lé ní Áfíríkà. Àwòrán ìjọba ni ó ya ọ̀nà náà. Kì í ṣe àwòrán ilẹ̀.

Ogun Àgbáyé Kejì fi èyí hàn gbangba. Ní oṣù kẹfà ọdún 1940, Ítálì wọ inú ogun, Faransé sì ṣubú. Ọ̀nà Òkun Mẹditaréníà di eléwu. Àwọn bàálù tí ń bà lórí omi ni wọ́n wá ń gbé àwọn èrò pàtàkì láti Foynes ní ilẹ̀ Áyálàndì, gba Lisbon àti Bathurst, wá sí Èkó: etíkun ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ń tọ̀, bí ọkọ̀ omi ti ń ṣe. Ní ìdà kejì, Èkó, Kánò àti Màídúgùrì di ibi ìdúró fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàálù ogun tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Takoradi, tí wọ́n sì ń fò lọ sí Íjíbítì. Ọ̀nà yìí ì bá má ṣeé gbà bí kì í bá ṣe pé Félix Éboué, gómìnà Ṣáàdì, kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 1940 pé ilẹ̀ òun yóò dara pọ̀ mọ́ de Gaulle. Ìpinnu gómìnà kan ni ó ṣí ọ̀nà tí ẹ̀rọ nìkan kò lè ṣí. Nínú ogun yìí náà ni wọ́n kọ́ pápákọ̀ òfuurufú Ìkejà.

La aṣálẹ̀ kọjá, 1946 sí 1964

Lẹ́yìn ogun, ọ̀nà wá tọ́. Bàálù tuntun lè gbé epo tí yóò fi la Sàhárà kọjá ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ó ṣì nílò ibi ìdúró ní etí aṣálẹ̀ méjèèjì. Trípólì ni wọ́n ń lò ní àríwá, Kánò ni wọ́n ń lò ní gúúsù. Kò yani lẹ́nu pé ọwọ́ àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì ni àkóso Trípólì wà títí Líbíà fi gba òmìnira ní òpin ọdún 1951. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1950, ilé iṣẹ́ BOAC bẹ̀rẹ̀ sí lo bàálù Hermes láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Trípólì, Kánò, Èkó àti Accra. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1956, ọjọ́ 27 oṣù kìíní ni ó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ó gúnlẹ̀ sí Èkó. Ìrìn ọ̀sẹ̀ méjì ti di ìrìn òru kan.

Àmọ́ ìyára yìí gba ẹ̀mí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1952, Hermes kan kúrò ní Trípólì ní òru, ó dojú kọ Kánò. Àṣìṣe lórí ètò kọ́ńpáàsì mú kí ó máa yà sí ìwọ̀-oòrùn díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ìmọ́lẹ̀ ìlú tàbí odò nínú aṣálẹ̀ tí ó lè tètè fi àṣìṣe náà hàn. Nígbà tí epo tán, itòsí Atar, ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Mauritania lónìí, ni ó fi ikùn balẹ̀ sí, ibi tí ó lé ní 2,000 kìlómítà sí Kánò. Gbogbo èrò inú rẹ̀ ni ó yè, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ bàálù náà kú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ní oṣù kẹfà ọdún 1956, bàálù Argonaut kan tí ó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti Èkó já lulẹ̀ ní Kánò ní kété tí ó gbéra nínú ìjì. Ènìyàn 32 ni ó kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1969, VC10 ti Nigeria Airways tí ó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù já lulẹ̀ nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó balẹ̀ sí Èkó. Gbogbo ènìyàn 87 inú rẹ̀ ni ó bá a lọ. Kò yẹ kí a máa ka wákàtí tí a jèrè láì ka àwọn wọ̀nyí mọ́ ọn.

Ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1964 jẹ́ ọjọ́ pàtàkì lójú ọ̀nà yìí. Ní ọjọ́ náà ni BOAC kọ́kọ́ fi VC10 gbé èrò tí ó sanwó, Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó sì ni ìrìn àkọ́kọ́ náà. Kì í ṣe èèṣì. Wọ́n dìídì ṣe bàálù náà fún pápá ilẹ̀ olóoru àti ilẹ̀ òkè, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, tí bàálù sì nílò agbára púpọ̀ láti gbéra. Bí bàálù ti ń lè fò jìnnà sí i bẹ́ẹ̀ ni ìdúró ń dínkù: Trípólì kọ́kọ́ kúrò lọ́nà, Kánò tẹ̀lé e. Èrè ni èyí jẹ́ fún ẹni tí ń lọ; fún Kánò, tí í ṣe ẹnubodè òfuurufú Nàìjíríà nígbà kan rí, àdánù ni. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Bathurst àti Sàró nígbà tí ọkọ̀ èrò orí omi ṣíwọ́ kò yàtọ̀ sí i.

Ta ni ó ni ọ̀nà?

Ní ọdún 1946 ni wọ́n dá West African Airways Corporation sílẹ̀ fún Nàìjíríà, Góòlù Kóòsì, Sàró àti Gámbíà. Nígbà tí Gánà gba òmìnira tí ó sì dá ti rẹ̀ sílẹ̀, Nàìjíríà náà dá tirẹ̀ dúró ní ọdún 1958. Ìjọba ní ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún. BOAC àti Elder Dempster ni ó pín ìyókù. Ó yẹ kí a fi ojú inú wo èyí. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ omi tí bàálù ń gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ fi owó sínú bàálù, kí ó má baà pàdánù lápá méjèèjì. Bàálù tí ó kọ́kọ́ gbé orúkọ ilé iṣẹ́ tuntun náà láti Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó, ní oṣù kẹwàá ọdún 1958, jẹ́ Stratocruiser tí a yá lọ́wọ́ BOAC. Lẹ́yìn òmìnira ni ìjọba ra ìpín àwọn méjèèjì. Nigeria Airways kógbá sílé ní ọdún 2003. Àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tí wọ́n ti gbìyànjú ọ̀nà náà láti ìgbà yẹn ti tó mélòó kan. Ọ̀kan nínú wọn, Air Peace, bẹ̀rẹ̀ Èkó sí Gatwick ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2024.

Àṣẹ mìíràn tún wà tí kò sí nínú ìwé àkókò bàálù. Ẹni tí ó wọ Aureol ní ọdún 1951 jẹ́ ọmọ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá ti ní owó ọkọ̀ àti ìwé ìrìnnà, ó lè lọ. Òfin ọdún 1962 dín àǹfààní yìí kù fún àwọn ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, ìjọba Bìrìtìkó kéde pé ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà kí ó tó gbéra. Láti ìgbà náà, ìrìn wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ lè ní ìdúró ọ̀sẹ̀ púpọ̀ níwájú, ẹlòmíràn kò sì ní kọjá ibi ìdúró náà. Bí òkìtì yanrìn ẹnu ọ̀sà ṣe ń dá ọkọ̀ dúró kí ọdún 1914 tó dé, bẹ́ẹ̀ ni físà ń dá èrò dúró, kìkì pé ìdúró ti kúrò ní ìparí ìrìn-àjò bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì tí kò tíì pẹ́ fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nítorí àrùn kòrónà, Nàìjíríà ti pápákọ̀ òfuurufú rẹ̀ fún bàálù èrò láti òkè òkun. Ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ni ó tó ṣí wọn padà. Bàálù wà, epo wà, ọ̀nà kò gùn sí i. Síbẹ̀ èrò kò lè lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, àwọn ológun gba ìjọba ní ilẹ̀ Niger. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ, wọ́n ti òfuurufú ilẹ̀ wọn, ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n sì ṣí i. Láàrin àkókò yìí, àwọn bàálù tí ń lọ láàrin Yúróòpù àti Áfíríkà ní láti yí Niger po, wọ́n sì ń lo epo àti wákàtí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bàálù tí ó gbọ́n jù lọ láyé tún padà di irú èyí tí ń gba Khartoum ní ọdún 1936: ó ń wá ibi tí wọn yóò ti jẹ́ kí ó kọjá.

Ó hàn gbangba, nígbà náà, pé 5,000 kìlómítà jẹ́ ìwọ̀n ilẹ̀, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ jẹ́ àdéhùn. Láti ọdún 1852 títí di òní, ohun tí ó ń yí àkókò Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù padà ni iye ibi tí èrò gbọ́dọ̀ dúró sí, àti ẹni tí ó ní àṣẹ láti dá a dúró. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ṣe ipa tiwọn. Ìdúró tí ó kù lójú ọ̀nà náà kì í ṣe iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ. Ọwọ́ àwọn ìjọba ni ó wà, ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù, àti ní gbogbo ilẹ̀ tí ó wà láàrin wọn.